Èló Ni Ó Tó Ni? Ìdáhùn sí Ìwé Akẹ́kọ̀ọ́ Kan

Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn ni ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wà ní ọdún kẹta ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ wa. Ó bẹ̀ wá kí a má ṣe dárúkọ òun, bẹ́ẹ̀ ni a ó sì ṣe. Ìwé náà gùn púpọ̀, a kò lè tẹ gbogbo rẹ̀ síhìn-ín, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ nìyí. Ọmọ náà ka ìtàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ kan ní Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ṣe ìlérí láti máa fi ìdámẹ́wàá gbogbo owó tí ń wọlé fún wọn ta àwọn tálákà ayé lọ́rẹ títí wọn yóò fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí láti inú owó oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù. Èkejì, iṣẹ́ olùkọ́ ni ọkàn rẹ̀ fà sí láti kékeré, ṣùgbọ́n ó ń rò ó bóyá iṣẹ́ bánkì tàbí ti epo rọ̀bì ni ó yẹ kí òun wá lọ, kí owó tí òun yóò máa fi tọrẹ lè pọ̀ sí i. Ẹ̀kẹta, ó ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé òun kì yóò gbéyàwó, nítorí pé aya àti ọmọ a máa jẹ owó tí ì bá gba ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn là. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó wá sọ ọ́, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, pé òun àti ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún méjì wá, àti pé òun kò tí ì sọ ìpinnu yìí fún un.

A ó dé orí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà.

Àwọn kan nínú yín yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì wí pé ìwé ti pọ̀ jù lórí ọmọ yìí. Àwa kò rẹ́rìn-ín. Ní àkókò tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà lu ọmọ ọlọ́mọ ní jìbìtì, tí àwọn òbí mìíràn sì ń jẹ nínú rẹ̀ láìbi ibi tí owó ti wá, ọmọ tí kò rí oorun sùn nítorí pé ó ń ro bí òun yóò ṣe tọrẹ, ẹni tí a ń fi ọ̀wọ̀ dá lóhùn ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òbí kò tí ì gbọ́ ọ rí. Ní ọdún 1972, nígbà tí ìyọnu àwọn tí ogun lé kúrò ní Bengal ti Ìlà-oòrùn ṣì wà lọ́kàn gbogbo ayé, amòye kan ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, Peter Singer, tẹ àròkọ kan jáde. Ó ní kí a ro ó pé ènìyàn ń kọjá lẹ́bàá adágún omi kan, ó sì rí ọmọ kékeré tí ń rì. Kò sí ẹni rere tí yóò dúró ronú nípa aṣọ rẹ̀ kí ó tó wọ inú omi lọ, bí ẹrẹ̀ yóò tilẹ̀ bà á jẹ́. Ó wá bèèrè pé bí ọmọ náà bá wà ní ilẹ̀ òkèèrè, tí owó díẹ̀ sì lè gbà á là, kí ni jíjìn rẹ̀ yí padà? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ka àròkọ náà, tí wọ́n jiyàn lé e lórí, tí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Àwọn díẹ̀ kò gbàgbé. Ní ọdún 2009, Toby Ord àti William MacAskill dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Oxford tí wọ́n ń pè ní Giving What We Can. Ènìyàn 23 ni wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀. Lónìí wọ́n ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ord fúnra rẹ̀ kò dúró lórí ìdámẹ́wàá. Ó yan nǹkan bí pọ́ùn 18,000 lọ́dún pé èyí ni yóò máa tó òun láti gbé ayé, ó sì pinnu láti fi ohun tí ó bá kù tọrẹ. Aya rẹ̀, tí ó jẹ́ oníṣègùn, wà nínú ètò náà pẹ̀lú rẹ̀. Kí ọmọ wa fi ọ̀rọ̀ aya yìí sọ́kàn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ọdún 2009 ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Oxford. Ní ìlú kan náà, ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin díẹ̀ a máa péjọ láti gbàdúrà, láti ka Ìwé Mímọ́, àti láti bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. John Wesley ni olórí wọn, ọmọ àlùfáà kan tí wọ́n ti jù sí ẹ̀wọ̀n nítorí gbèsè ní ọdún 1705, nígbà tí John ṣì wà ní ọmọ kékeré. Ẹni tí ó bá ti irú ilé bẹ́ẹ̀ jáde mọ ohun tí owó jẹ́. Nígbà tí Wesley di arúgbó, ó sọ nínú ìwàásù kan tí ó jáde ní ọdún 1787 pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Oxford náà ń gba pọ́ùn 30 lọ́dún. Ó ná 28, ó sì fi 2 tọrẹ. Lọ́dún kejì, pọ́ùn 60 wọlé fún un. 28 náà ni ó ná, ó sì fi 32 tọrẹ. Lọ́dún kẹta ó gba 90, ó fi 62 tọrẹ. Lọ́dún kẹrin ó gba 120. Pọ́ùn 28 kan náà ni ó fi jẹun tí ó sì fi wọṣọ, 92 sì lọ sọ́dọ̀ àwọn tálákà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ara rẹ̀ ni Wesley ń sọ.

Ẹ kíyè sí ọkùnrin náà dáadáa, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìdáhùn wa ti wá. Kò kọ́kọ́ bèèrè pé, Èló ni n ó fi tọrẹ? Ó bèèrè pé, Èló ni ó tó mi? Nígbà tí ó sì ti rí ìdáhùn, kò yí i padà nígbà tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ẹni tí ó bá ń ka ìdámẹ́wàá nìkan lè fi 12 tọrẹ nínú 120, kí ó sì jẹ 108 tán láìmọ ọ̀nà tí ó gbà lọ. (A kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ìdámẹ́wàá sílẹ̀ o, ìjọ ni ó ń bọ́ katikíìsì, a kò sì ní fi ọwọ́ ara wa da oúnjẹ wa nù.) Ohun tí à ń wí ni pé ìgbà tí owó kò tí ì dé ni ó dára jù láti mọ iye tí ó tó ni. Bí owó bá ti dé tán, aṣọ, ọkọ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ tuntun ni yóò máa bá wa ṣírò rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ọmọ wa kò rò. Ọkùnrin olówó 28 náà kò ní aya. Láti ọdún 1726 ni Wesley ti wà lára àwọn tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Lincoln ní Oxford ń bọ́, òfin ìgbà náà sì ni pé ẹni tí ó bá gbéyàwó yóò fi ipò náà sílẹ̀. Wesley pàápàá fi í sílẹ̀ ní ọdún 1751 nígbà tí ó gbéyàwó. Ní gbogbo ọdún tí ó fi jẹ́ àpọ́n, òun nìkan ni ó lè jókòó ti ìwé ìṣirò rẹ̀ kí ó kọ iye tí ó wù ú. Ta ni ó ń bá ọmọ Yorùbá jókòó ti tirẹ̀? Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀; àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀; ẹ̀gbọ́n bàbá tí ó san owó ìwé mẹ́wàá wà níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ó bá kọ iye kan sílẹ̀ láìbi wọ́n, iye náà kò lè dúró.

Nítorí náà, ní ti owó oúnjẹ, ìdáhùn wa ni pé rárá. Elépo ni ìyá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ fún wa. Lójoojúmọ́ ni alájọ ń yà sí ìsọ̀ rẹ̀, tí ó ń fàlà sínú káàdì. Ní ìparí oṣù alájọ a mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí èrè iṣẹ́ rẹ̀, ìyá náà a sì fi ìyókù ránṣẹ́ sí ọmọ. Bí a bá fún ọmọ lówó pé kí ó lọ ra iṣu wá, tí ó sì fi ìdámẹ́wàá owó iṣu ta alágbe lọ́rẹ lójú ọ̀nà, ìyá rẹ̀ ni ó tọrẹ, kì í ṣe òun, kò sì bi ìyá náà. Ọmọ wa, ìyá rẹ ti tọrẹ tirẹ̀. Ìwọ ni ọrẹ náà. Owó tí a fi fún ọ kí ara rẹ lè le kí o sì lè kàwé, jẹ ẹ́, kí ara rẹ sì le. Olúwa wa bá àwọn Farisí wí gidigidi nínú Máàkù orí keje nítorí ọ̀rọ̀ Kọ́bánì, nítorí pé wọ́n gbà kí ọmọ sọ ohun tí ó yẹ kí ó fi ran bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ di ohun tí a yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ wọn báyìí. A kò sọ pé ọkàn tìrẹ rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò jìnnà sí ara wọn.

Kí ẹ̀yin ìyá má tí ì pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà sọ pé òun ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní lẹ́sìnnì ní ọjọ́ Sátidé, òun sì ń gba ₦15,000 lóṣù lórí rẹ̀. Èyí jẹ́ tirẹ̀, òógùn ojú rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ní ọmọ tí àbúrò rẹ̀ kò tí ì san owó ìdánwò, tí ó sì ń wá àjèjì tí yóò fún lówó, orí rẹ̀ ti dàrú. Ní ti owó ìdánwò, a wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọjọ́ tí wọn yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ wà, bí ọjọ́ náà bá sì kọjá, ọdún kan ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Kí ó kọ́kọ́ san èyí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn owó ìdánwò, ẹbí yóò tún ní òmíràn, lẹ́yìn òmíràn náà yóò kan aṣọ ẹbí fún òkú ẹni tí wọn kò fún ní omi mu nígbà tí ó wà láàyè. Bí ọmọ wa bá ń dúró dé ọjọ́ tí ẹbí kò ní bèèrè ohunkóhun mọ́ kí ó tó ṣe àánú fún àjèjì, inú ibojì ni yóò ti ṣe é. Owó ilé-ìwé àti owó oògùn, kí ó máa kà wọ́n mọ́ ohun tí ó tó òun láti gbé ayé. Ní ti aṣọ ẹbí, kí ó kọ́ bí a ti í dọ̀bálẹ̀ kí a sì wí pé, Ẹ jọ̀wọ́, kò sí lọ́wọ́ mi.

Bí àbúrò bá ti sanwó ìdánwò, kí ó yọ ₦1,500 nínú ₦15,000 náà lóṣooṣù. Kí ó má sì kẹ́gàn rẹ̀ pé ó kéré. Ní ọdún 1742, gbèsè wà lórí ilé ìpàdé àwọn ènìyàn Wesley ní Bristol. Ọ̀kan nínú wọn dá a lábàá pé kí olúkúlùkù máa dá kọ́bọ̀ kan lọ́sẹ̀, kí ẹnì kan sì máa yípo láàrin ènìyàn mọ́kànlá láti gbà á. Ibẹ̀ ni kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀, owó kíláàsì tí à ń san ní ìjọ wa títí di òní sì jẹ́ ọmọ kọ́bọ̀ Bristol. Ìjọ tí ó ti ibẹ̀ dàgbà ni ó rán Thomas Birch Freeman wá sí Badagry ní ọdún 1842, kí ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wa tó mọ A B D kà. Ọ̀pọ̀ nínú owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó wá láti ọwọ́ àwọn tálákà tí kò mọ̀ wá rí, tí kò sì retí láti rí wa.

Ta ni kí ó wá fún? Àwọn ará Oxford ń ronú nípa ọmọ tí ń rì ní òkèèrè. Fún àwa, adágún omi náà wà lẹ́yìn ilé. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ibà ẹ̀fọn pa ní gbogbo ayé ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 31 jẹ́ ará Nàìjíríà, àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ibà náà ń pa ní Áfíríkà. Owó àwọn àjèjì ni ó ń ra púpọ̀ nínú àwọ̀n tí àwọn ìyá ń ta sórí ibùsùn ọmọ wọn. Ẹgbẹ́ kan tí à ń pè ní New Incentives sì ń fún àwọn ìyá ní apá Àríwá ilẹ̀ wa ní owó díẹ̀ kí wọ́n lè gbé ọmọ wọn wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, owó òkèèrè ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ọmọ wa ń bèèrè bóyá ọmọ Nàìjíríà lè wà nínú irú iṣẹ́ yìí. Àwa ń bèèrè ìdí tí a kò fi pọ̀ níbẹ̀. Ohun kan tí a fẹ́ràn lọ́dọ̀ àwọn ará Oxford náà ni pé wọn kì í tọrẹ fún ojú rere. Wọ́n ń bèèrè ohun tí owó náà ṣe kí wọ́n tó fi òmíràn lé e. Kí ó kọ́ èyí lọ́dọ̀ wọn. Bí ó bá fẹ́ ra àwọ̀n fún àwọn aláboyún ní ilé ìgbẹ̀bí tí ó súnmọ́ ọn, kí ó padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kí ó wò ó bóyá orí ibùsùn ni àwọ̀n náà wà, tàbí ara ọgbà ẹ̀fọ́.

Ní ti iṣẹ́, igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, Sam Bankman-Fried. Nígbà tí ó ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ni MacAskill tí a dárúkọ lókè bá a sọ̀rọ̀ pé ó lè lọ wá iṣẹ́ olówó ńlá kí ó sì máa fi owó náà tọrẹ. Ó gbà. Ó di olówó nínú òwò owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ayé sì ń yìn ín. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ilé iṣẹ́ rẹ̀, FTX, wó. Ó hàn pé owó tí àwọn oníbàárà fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ ni ó ti fi ṣe òmíràn. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní ọdún 2023, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 25 ní oṣù Kẹta ọdún 2024. A kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni iṣẹ́ bánkì. Àwọn olóòótọ́ wà níbẹ̀, a sì mọ díẹ̀ nínú wọn. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tí ó bá ti sọ fún ara rẹ̀ pé gbogbo owó tí òun ń wá, ti àwọn tálákà ni, ó lè ṣòro fún un láti mọ ìgbà tí ó ń jalè.

Ẹni tí ó dá ètò ìdámẹ́wàá náà sílẹ̀ gan-an, olùkọ́ ni. Kí ọmọ wa sì wo ilé. Tai Solarin jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé Molusi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ipò tí ó ní ọlá ní ìgbà náà. Ó fi í sílẹ̀, ó sì dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1956, òun àti aya rẹ̀, Sheila. Ṣòkòtò péńpé kákí àti fìlà ni aṣọ rẹ̀, títí ó fi kú ní ọdún 1994. Ní ti ẹ̀sìn, àwa àti òun kò pàdé. Ó sọ ní gbangba pé kò sí Ọlọ́run, ó sì dun katikíìsì láti fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni òtítọ́. Ọkùnrin náà mọ iye tí ó tó òun, ó sì fi ìyókù ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ olùkọ́ ni ọkàn rẹ fà sí ní òótọ́, ọmọ wa, lọ ṣe é, kí o sì yọ ìdámẹ́wàá owó oṣù náà bí ó ti wù kí ó kéré tó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin akọrin. Ẹni tí ó bá yàn láti má ṣe gbéyàwó nítorí iṣẹ́ Ọlọ́run, Pọ́ọ̀lù kò bá a wí, àwa pẹ̀lú kò bá a wí. Ṣùgbọ́n ìdí tí ọmọ wa mú wá kò tẹ̀wọ̀n tó. Ó ṣírò aya bí ẹni tí ń jẹ owó nìkan, bí ẹni pé obìnrin kì í ṣiṣẹ́, tí òun náà kì í tọrẹ. Ìyá elépo tí ó bí i ha nìyẹn? Ohun tí ń jẹ owó ọ̀dọ́mọkùnrin nílẹ̀ wa kì í ṣe aya, ìgbéyàwó ni: gbọ̀ngàn, aṣọ oríṣi mẹ́ta, onílù méjì, àti gbèsè tí ọmọ àkọ́bí yóò bá nílé. Obìnrin tí ó bá gbà láti ṣe ìgbéyàwó ní ilé ìjọsìn ní òwúrọ̀, kí a sì jẹ ìrẹsì lábẹ́ igi ní ọ̀sán, ti dá owó ọ̀pọ̀ ọdún padà fún ọkọ rẹ̀ ní ọjọ́ kan.

Kò sì mọ̀ bóyá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin yìí, nítorí kò tí ì bi í. Ọdún méjì ni ọmọbìnrin náà ti fi ń retí, bóyá ó tilẹ̀ ti kọ̀ fún ẹlòmíràn nítorí rẹ̀. Àkókò rẹ̀ yìí jẹ́ ohun tí ọmọ wa ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ láìsan án. Olóòtú ìwé ìròhìn ha ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí? Kí ó mú ìwé kan àti kálámù, kí ó lọ jókòó tì í ní gbangba, kí ó sọ gbogbo ohun tí ó sọ fún wa fún un, kí wọ́n sì jọ kọ iye tí ó tó ènìyàn méjì láti gbé ayé, pẹ̀lú ìyá méjèèjì àti àwọn àbúrò nínú rẹ̀. Bí ọmọbìnrin náà bá sì wí pé òun kò lè gbé irú ayé bẹ́ẹ̀, kí ó fi ọ̀wọ̀ jẹ́ kí ó máa lọ.

Ìwé ìròhìn yìí ń dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọn, ọmọbìnrin náà sì lè kà á kí ó dá ara rẹ̀ mọ̀. Ìdí nìyí tí a fi dá ìdáhùn wa dúró, tí a sì kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà níkọ̀kọ̀, tí a fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì láti lọ bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ti pé. Bí wọ́n bá ti jọ fi ẹnu kò sórí iye kan, kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, a ó sì bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò.